Mọ́tò Inú Ṣọ́kéèsì

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi mọ́tò ìṣeré kékeré kan ránṣẹ́ láti òkè òkun, àwòkọ ọkọ̀ tó ń sáré ìje tọ̀sán-tòru. Bàbá mi tì í mọ́ ṣọ́kéèsì nílé wa ní Adéwọlé. Ojú lásán la fi ń wò ó. Nígbà tí àìsàn dá àbúrò mi obìnrin dùbúlẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbé mọ́tò náà lọ́wọ́. Bàbá mi ní yóò bà á jẹ́. Ọmọ náà kú láìfọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, ọmọ àlejò kan ń ké nítorí mọ́tò yẹn. Kíá ni bàbá mi gbé e fún un, ó ní ọmọ àlejò kì í sunkún nílé òun. Kí àdúrà tó parí, táyà méjì ti já. Èmi ni mo ṣàmín sókè jù.