Èsì Bọ́ọ̀lù Tí Mo Kà fún Dádì

Mo rántí ìgbà tí mo ń parọ́ fún ọkùnrin afọ́jú kan láràárọ̀, tí irọ́ náà sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ní Thamesmead ni, ọdún kejì tí mo ti Ìbàdàn dé London. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mo ń ṣe. Mo ń gbé yàrá kan ní Connaught Estate, mo sì máa ń wọ bọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ Dádì yìí ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Màá wẹ̀ fún un, màá po ọ̀gì rẹ̀, màá fún un lóògùn, màá sì jókòó tì í di ọ̀sán. Nígbà náà, mo gbà pé èèyàn dáadáa ni mí. Mo ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì máa ń wo àwọn oníkà bí ẹni pé ẹ̀yà ènìyàn mìíràn ni wọ́n.

Ọmọ Èkó ni Dádì, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló ti lo agbára rẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi wa ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ìlú ńlá kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, ibẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣú díẹ̀díẹ̀ kó tó wá fọ́ pátápátá. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Àǹtí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn lẹ́bàá Woolwich Common, ló lọ mú un wá. Nínú gbogbo ohun tó ní ní Amẹ́ríkà, bésíbọ́ọ̀lù nìkan ló bá a dé Thamesmead. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré náà, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí pápá ká. Láti ìgbà tí òtútù bá ti lọ títí ewé á fi máa já bọ́ ni wọ́n ń gbá a, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́, a sì máa ń ti sùn níhìn-ín kí wọ́n tó ṣe tán lọ́hùn-ún. Èsì di àárọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a sọ ọ́. Awakọ̀ kan ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, Alájì ni gbogbo wa ń pè é, òun náà sì ti gbé Amẹ́ríkà rí. Tó bá ti gbé èrò àárọ̀ rẹ̀ sọ̀ tán, á yà wá mu tíì, á ka èsì fún Dádì, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún náà, ẹgbẹ́ Dádì àti ẹgbẹ́ mìíràn ń du àyè kan ṣoṣo tó kù láti wọ ìpele àwọn tó máa du ife. Wọ́n tún ń jà lórí ẹni tó yẹ kó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ. Ti Dádì ni ajùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì kan tó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti Alájì ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá.

Alájì á ní, "Dádì, ẹni tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ márùn-ún, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé àmì ẹ̀yẹ fún un? Tèmi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́."

Dádì á ní, "Dókítà pàápàá kì í wá lójoojúmọ́. Tó bá dé, ta ló tún ń wo ojú nọ́ọ̀sì?"

Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Lójú mi, àgbà méjì tí wọn ò níṣẹ́ ni wọ́n.

Ní oṣù Kẹjọ, àbúrò mi pè mí láti Ìbàdàn pé wọ́n ti gbé ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo dúró síbi fèrèsé ilé ìdáná, mo ń bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì gbàgbé ẹyin lórí iná. Èéfín kún ilé, agogo iná bẹ̀rẹ̀ sí í han. Dádì dìde fúnra rẹ̀, ó kọlu tábìlì, ó ṣubú, ojúgun rẹ̀ sì bó. Ọjọ́ náà gan-an ló fẹjọ́ mi sùn níléeṣẹ́ tó gbà mí. Wọ́n yọ ọjọ́ méjì kúrò nínú iṣẹ́ mi lọ́sẹ̀, wọ́n sì kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kejì mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ ìyá mi ni.

Ó ní, "Ìyá gbogbo ènìyàn ló ń kú. Tèmi kú, mo sì wa ọkọ̀ ojú irin mi lọ́jọ́ náà."

Ìyá mi kú ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Pẹ̀lú ìwé ìkìlọ̀ lọ́wọ́, mi ò láyà láti tọrọ àyè lọ sílé. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì, lórí àjà òkè, mò ń lọ po ọ̀gì fún Dádì. Àwọn àgbà ní adánilóró fi agbára kọ́ni. Wọn ò sọ ohun tí èèyàn máa fi agbára náà ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, Alájì lọ sí Ìjẹ̀bú fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ àti ilé tó ń kọ́, ó ní oṣù méjì lòun máa lò. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá èsì lórí fóònù, ó sì bẹ̀ mí pé kí n máa kà á fún Dádì láràárọ̀, pé èsì náà nìkan ló ń mú un dìde. Mo ka òótọ́ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹgbẹ́ Dádì ti fi mẹ́rin sí ọ̀kan borí. Mo ti lanu láti sọ ọ́ nígbà tó ní, "Yára. Àbí o ò mọ̀wé kà ni?"

Mo ní, "Wọ́n na ẹgbẹ́ yín, sà. Mẹ́rin sí ọ̀kan."

Ó gbé ṣíbí ọ̀gì kalẹ̀, kò sì gbé e mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo fọ abọ́ náà, inú mi sì tutù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fi ọgbọ́n ṣe é. Mo ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ìrètí má baà kú tán, torí ìrètí tó ti kú kì í dunni mọ́. Mo kọ́ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ eré náà, kí irọ́ mi lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Níkẹyìn mo mú ọlọ́wọ́ òsì rẹ̀. Mo ní èjìká rẹ̀ ti ya, wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò ní jáde mọ́ lọ́dún yìí. Dádì béèrè pé èjìká wo. Mo ní òsì ni. Ó fi ọwọ́ gbá èjìká òsì tirẹ̀ mú, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí mo fi lọ. Nígbà tí Alájì pè láti Ìjẹ̀bú, mo ní Dádì ń sùn. Dádì sì jókòó síwájú mi nígbà náà, ó ń tẹ́tí sí òjò.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ohùn rẹ̀ sì ń rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù náà, bí mo ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pe ìyá mi. Mo sọ orúkọ rẹ̀. Ó pè é tẹ̀lé mi, jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ lọ́jọ́sí, kò dáa. Ẹ̀rù ló bà mí. Afọ́jú tó bá gbóòórùn èéfín, ó ti rí ikú nìyẹn. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Mo ní àmín. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Tàná ńkọ́?"

Mo wo fóònù mi. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti borí lóru. Ọlọ́wọ́ òsì ló ju bọ́ọ̀lù, àyè tó kù ṣoṣo yẹn sì ti di tiwọn. Ọkùnrin náà ti bẹ̀ mí tán. Kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́ láti fi ayọ̀ yẹn san án padà fún un. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì fún un, mo ní, "Ó ti parí, sà. Wọn ò ráyè wọlé."

Kò béèrè mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní gbogbo oṣù Kẹwàá, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń na ẹgbẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn, èmi sì ń kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo ń dá rẹ́rìn-ín, mo ń dá gbàdúrà fún wọn. Mo ti di olólùfẹ́ eré náà láìmọ̀. Ó dà bí ẹni pé mo ń jẹ oúnjẹ ọkùnrin náà níṣojú rẹ̀, tí kò sì rí mi.

Alájì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Ó fi ìdùnnú wọlé, ó ní, "Dádì, ẹ kú orí ire, ẹ sì kú àjálù. Kí wọ́n gbá a dé ìdíje àṣekágbá, dé ọjọ́ tó kẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n wá fi ẹyọ kan pàdánù ife."

Dádì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé Alájì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í ka eré náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín Dádì sì ń kúrò ní ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́.

Dádì pè mí. "Èjìká òsì rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe é, sà."

Alájì fa fóònù yọ. Ó pe Àǹtí, Àǹtí sì ní kí n kó ẹrù mi kí n máa lọ. Dádì ló kọ̀. Ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé kí n máa bọ̀. Mo rò pé àánú ni.

Láti ọjọ́ yẹn, kò gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́nu mi. Tí mo bá ní òjò ń rọ̀, á na ọwọ́ síta fèrèsé. Tí mo bá gbé oògùn fún un, á pe Àǹtí lórí fóònù, Àǹtí á ní kí n gbé e síwájú fóònù kí òun rí i, kó tó gbé e mì. Tí mo bá ní aago mẹ́wàá ti lù, á dúró de rédíò. Tí àlejò bá dé, á nawọ́ sí ibi tí ohùn mi ti wá, á ní, "Ẹ wá wo ẹni tó fọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀kejì." Kò pariwo rí. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló ṣe ń sọ ọ́.

Láàárín oṣù náà wọ́n kéde àmì ẹ̀yẹ. Mo rí i nínú bọ́ọ̀sì, mo sì sáré láti ibùdókọ̀ títí dé ilé rẹ̀. Mo ní, "Dádì, ọlọ́wọ́ òsì yín ló gbà á."

Ó ní, "Pe Alájì kó wá sọ ọ́."

Alájì ò gbé fóònù. Nǹkan bíi wákàtí méjì la fi jókòó, èmi pẹ̀lú òótọ́ lẹ́nu, òun pẹ̀lú etí tó ti dí. Ibẹ̀ ni ara mi ti kọ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó dárí jì mí.

Ó ní, "Ṣé o kúnlẹ̀ lóòótọ́?"

Mo ní mo kúnlẹ̀, sà. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá mi nínú afẹ́fẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba irun mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn bí orí mi ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó.

Ó ní, "Lóòótọ́ ni." Ó sì gbọ́wọ́ rẹ̀ padà.

Kí Kérésì tó dé, mo ní kí iléeṣẹ́ gbé mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Dádì kú kí ewé ọdún kejì tó rú. Àǹtí ò sọ fún mi. Ẹnu Alájì ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mo pàdé rẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá odò ní Woolwich. Ó sọ ọ́ tán, ó wọ inú mọ́tò rẹ̀, ó yí gíláàsì rẹ̀ sókè.

Nọ́ọ̀sì ni èmi náà báyìí, mo sì ti bímọ. Tí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún ọkọ mi, á ní bàbá náà ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun bẹ̀ mí nígbà tí mo ń fi ìyà jẹ ẹ́, èmi ò bẹ̀ ẹ́ àfìgbà tóun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ mí. Mo ti yí "lóòótọ́ ni" yẹn wò títí, bóyá ìdáríjì ló wà nínú rẹ̀, tàbí pé ó kàn ń sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Ẹni tó lè sọ fún mi ti lọ, tó bá sì padà wá sọ ọ́, mi ò mọ̀ bóyá èmi náà máa gbà á gbọ́.