Ímeèlì Tí A Kò Tì

Mahuta, ní Kaduna, ni ọ́fíìsì wa wà nígbà náà, nínú ilé kékeré kan tí ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ilé gbígbé lásán ni. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń lù là ń gbà sílẹ̀. A háyà ilé kan fún wọn ní Mando, níbi tí wọ́n lè fara pamọ́ sí títí ẹjọ́ wọn á fi parí. Kò sí pátákó lẹ́nu géètì ibẹ̀. Awakọ̀ wa pàápàá kì í gba ọ̀nà kan náà débẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin àgbà kan tí wọ́n bí sí Kaduna, tí baba rẹ̀ ti Ìlọrin wá ṣe aáfà níbẹ̀. Hájíà ni gbogbo wa ń pè é. Tí inú bá ń bí i, Hausa ló máa ń fi bá wa wí. Tó bá ń ṣàdúrà fún ènìyàn, Yorùbá Ìlọrin ni. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ṣùgbọ́n kò sígbà tí mo ń lọ fún ìsinmi tí kì í gbé ọwọ́ lé mi lórí kó tó jẹ́ kí n lọ.

Òun ló rán mi lọ sí Àbújá kí n lọ kọ́ bí a ṣe ń ti ímeèlì pa, kí ẹlòmíràn má lè kà á. Nígbà tí mo dé, ó ní kí n ṣàlàyé fún òun bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀.

"Hájíà, ẹ wò ó," mo ní. "Ká ní lọ́yà wa fún wa ní àgádágodo kan, tó ṣí i sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè fi ti àpótí. Tí a bá ti tì í tán, àwa gan-an ò lè ṣí i mọ́. Òun nìkan ló lè ṣí i."

"Tí ẹlòmíràn bá wá rí i lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Lẹ́tà àti nọ́ḿbà tó dàrú ló máa rí. Kò ní mọ orí, kò ní mọ ìdí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kai! Bíi tíráà tí baba mi máa ń kọ nìyẹn."

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan wọlé tọ̀ wá láti Tudun Wada. Aránṣọ ni. Wọ́n ti fi báńdéèjì gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ́ àyà. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré dání, ó ní kó kí wa, ọmọ náà wò wá títí, ó wá ní, "Ina kwana." Ìyá rẹ̀ tọrọ gáfárà, ó ní ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, kì í kàn sọ ọ́ ni.

Mo kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀. Nígbà tó parí, ó bi mí pé, "Àǹtí, ta ló máa ka ohun tí mo sọ yìí?"

"Lọ́yà nìkan."

"Ó dá yín lójú?"

"A máa tì í pa ni. Kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣí i."

Bó ṣe gbà láti lọ sí Mando nìyẹn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń sàn bọ̀, a wá ẹ̀rọ ìránṣọ kan fún un. Aṣọ fèrèsé ló kọ́kọ́ rán fún ìyàwó onílé. Tí mo bá lọ kí wọn, màá ti máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà láti ẹnu géètì, inú mi á sì dùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ara ọmọ mi gbóná, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ yẹn ni lọ́yà pe Hájíà pé kó tètè fi orúkọ obìnrin náà àti ibi tó ń gbé ránṣẹ́, nítorí àwọn tó máa mú ìwé ilé ẹjọ́ wá fún un. Hájíà jókòó, ó tẹ lẹ́tà náà, ẹ̀rọ béèrè páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ kó tó lè gbé àgádágodo lọ́yà jáde fún un. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ tún kọ̀. Ó pè mí, ṣùgbọ́n fóònù mi wà nínú báàgì, mo wà níwájú dókítà. Wọ́n ti ń pe ìrun Jímọ̀. Ó wá fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní gbangba, láti inú ímeèlì ọ́fíìsì.

Ohun tí kò sẹ́ni tó rántí nínú wa ni pé akọ̀wé kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣì ní ímeèlì ọ́fíìsì lórí fóònù rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí kan náà lòun àti ọkọ obìnrin náà ti ń kírun.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọkọ rẹ̀ dé sí Mando pẹ̀lú àwọn àgbààgbà mẹ́ta. Kò pariwo, kò mú igi dání. Ó kúnlẹ̀ síwájú géètì, ó ń bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbààgbà ń bá a bẹ̀bẹ̀. Onílé ò mọ ohun tó lè ṣe. Obìnrin náà yọjú lójú fèrèsé, ó rí i, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó gba ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò jáde. Nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì débẹ̀, búláòsì ọmọdé kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, apá kan ṣoṣo ló ní.

Mo pàdé akọ̀wé náà lẹ́yìn náà. Mo ti múra ìjà, ṣùgbọ́n omi ló kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Wallahi, sulhu ni mo fẹ́ ṣe," ó ní. "Ọkùnrin yẹn ń sunkún ní mọ́ṣáláṣí. Mo rò pé mo ń bá wọn tún ilé wọn ṣe ni." Mo yí padà, mo bá tèmi lọ.

Hájíà ní tirẹ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò tàn án. "Ó ní páswọ́ọ̀dù mi ò tọ̀nà," ó ń tún un sọ. "Ṣé lẹ́tà ńlá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí kékeré, mi ò mọ̀."

"Hájíà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi."

"Ta ni kí n wá dá lẹ́bi?"

Nígbà tó yá, obìnrin náà fi nọ́ḿbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. "Àǹtí, ara wa le."

"Níbo lẹ wà? A ti ń wá ilé mìíràn fún yín."

"Ẹ má bínú, mi ò ní sọ. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa tì í pa."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó dá mi lẹ́kun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín."

Ìgbà tí mo gbóhùn rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Mo pe nọ́ḿbà náà títí, kò lọ. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn, adájọ́ sì ní kí wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà.

A fi Mando sílẹ̀, a rí ilé mìíràn. A yọ ímeèlì ọ́fíìsì kúrò lórí gbogbo fóònù, a sì ń ti ohun gbogbo pa báyìí, títí kan èyí tí kò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti gba ọwọ́ wa kọjá láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò sì rí wọn. Àwọn ènìyàn máa ń yìn wá. Tí wọ́n bá ń yìn wá bẹ́ẹ̀, búláòsì alápá kan yẹn ni mo máa ń rí.

Ọdún náà ò parí tí Hájíà fi fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ojú òun ò ríran mọ́. Tí wọ́n bá ń ṣe Sálà, mo máa ń ti Ungwan Boro tí mò ń gbé lọ kí i, kò sì sígbà tí kì í bi mí bóyá mo ti gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn Sálà tó kọjá yìí, nígbà tí mo tún ní rárá, ó sọ fún mi pé òun ń bẹ Ọlọ́run kí obìnrin náà ti gbàgbé wa pátápátá, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, èmi ì bá fẹ́ kó rántí wa. Kó kàn pè lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má tiẹ̀ sọ ibi tó wà.