Ọdún tí Bàbá Mi Dá Wòlímọ̀ Mi Dúró

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkàrẹ́, tí wọn kò tíì pẹ́ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni ilé-kéwú bàbá mi. Láàárọ̀, kí a tó lọ sí ilé ìwé, ohùn ọmọ tó lé ní ogún ni í máa jí àdúgbò. Nínú gbogbo àwa ọmọbìnrin ibẹ̀, èmi nìkan ni mo ka Àlùkùránì dópin. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó ṣì ń dùn mọ́ mi: èmi nìkan.

Wọ́n dá ọjọ́ wòlímọ̀, ìyẹn ayẹyẹ ọmọ tó parí kéwú. Èmi àti ọmọkùnrin mẹ́ta la jọ fẹ́ ṣe é. Ìyá-ìyá mi ní Ọ̀kà ti so àgbò mọ́lẹ̀ de ọjọ́ náà, wọ́n sì ti rán aṣọ funfun kan fún mi, èyí tí mo máa ń yọ́ ṣí àpótí lọ wò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ pé ni onígbáméjì wọ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ni, ó sì lè pa ẹni tó jí dáadáa láàárọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn wolé-wolé ń lọ láti ojúlé dé ojúlé: kí a se omi kí a tó mu ún, kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò, kí ẹnikẹ́ni má se àsè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá wọn lóhùn pé àwọn ti gbọ́, wọ́n sì ń ṣe tiwọn lábẹ́lẹ̀. Bàbá mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó wàláà tí a fi ń kéwú jọ, wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má sì lọ sílé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kò sí wòlímọ̀ títí àrùn náà yóò fi lọ.

Inú bí mi. Ẹ ò lè mọ bí inú ṣe bí mi tó. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ pàṣán lórí kéwú yìí! Mo kọ oúnjẹ, mo sì la ẹnu sí wọn: "Baba, ta ni yóò wá mọ̀ pé mo ti kà á tán?"

"Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà ti gbọ́," ni wọ́n wí.

Ọ̀rẹ́ wọn kan, oníṣòwò obì, ni bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yẹn. Ó ti ra màlúù sílẹ̀. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, kò jókòó.

"Áfáà, ṣé wolé-wolé ló wá ń kọ́ ọ ní kéwú báyìí?"

"Fara balẹ̀," ni bàbá mi wí. "Màlúù kò ní sá lọ."

"Ọ̀rẹ́ lè sá lọ."

Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ bá áfáà mìíràn ní apá kejì ìlú, àwọn méjì tó kù sì tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ tí à bá ṣe é gan-an ni wọ́n ṣe é. Mo ń gbọ́ orin wọn láti ẹ̀yìnkùlé wa. Mo wọ aṣọ funfun mi, mo yọ́ gba iwájú ilé, àṣé bàbá mi ti jókòó sí ẹnu ìloro. Mo rò pé ẹgba dé. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní kí n jókòó, a sì jọ ń gbọ́ orin náà títí ó fi parí. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú tiwọn náà ti pọ́n. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni ó ń dùn.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí a gbọ́ pé ilé oníṣòwò obì ti dàrú. Òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀ arúgbó náà dùbúlẹ̀. Àwọn tó jẹ ẹran rẹ̀ kò gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá mọ́. Bàbá mi se omi, wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sí i bí wolé-wolé ṣe kọ́ wa, wọ́n gbé e, ó di ọ̀nà.

Mo ké tẹ̀ lé wọn: "Baba, ṣebí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé ẹnikẹ́ni?"

"Àsè ni mo kọ̀," ni wọ́n dá mi lóhùn, "n kò kọ aláìsàn."

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń fi eérú àti ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí wọ́n tó wọlé tọ̀ wá. Ọ̀rẹ́ wọn yè. Ìyá arúgbó kò yè. Bàbá mi àti ọkùnrin mẹ́rin péré ló kírun sí i lára.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yẹn kò padà di ọ̀rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ni. Bí ó bá rí bàbá mi lókèèrè, á yà sí ọ̀nà mìíràn. Nínú gbogbo àwa ọmọ kéwú, mẹ́sàn-án péré ló padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Òjò ti dáwọ́ dúró kí wọ́n tó tún ọjọ́ mi dá. Mo ti ga, aṣọ funfun ti kúrú. Ìyá-ìyá mi fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀kà wá pẹ̀lú àgbò wọn, wọ́n gé aṣọ aláró tiwọn kan, wọ́n fi lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo jókòó sórí ẹní, níwájú àwọn ènìyàn tí kò tó ogójì. Mo kà á, n kò ṣì í. Bàbá mi ò yìn mí. Wọ́n kàn dìde, wọ́n ní kí n wá jókòó sórí àga tiwọn. Orí mi wú.

Mo ti di ìyá àgbà nígbà tí kòrónà dé. Wọ́n ti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti ọjà, wọ́n dí ọ̀nà. N kò ní purọ́ fún yín, mo bínú bí ọmọdé. Àbúrò mi kú ní Ọ̀kà, n kò sì lè débẹ̀. Mo jókòó sílé, mo sunkún mi, nítorí mo mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ṣùgbọ́n ayé ti yàtọ̀. Láyé ìgbà náà, a mọ wolé-wolé lójú, a lè bá a jiyàn. Lóde òní, fóònù á sọ ọgọ́rùn-ún nǹkan láàárọ̀ kan, kò sí ẹni tó mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé àrùn ti lọ, ilẹ̀kùn kò ṣí tán. Àwọn tó máa ń ya ilé mi lọ́jọ́ ọdún ti sọ ọ́ di àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú mi kò ríran rí àwòrán yẹn dáadáa. Bí ẹ bá gba Ìkàrẹ́ kọjá, ẹ wọlé.