Amọ̀ tí a fi dí ihò ògiri

Bíríkìlà tó wá dí ihò ògiri yàrá àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ fi omi rin ojú ihò náà. Bí mo ṣe gbọ́ òórùn eruku tútù, mo kó àwọn ọmọ síta, mo sì rántí ọ̀sán ọjọ́ kan nílé wa ní Ìwó.

Àwọn tó wá fa iná ti dá ihò tó gba orí màlúù sí ògiri búlọ́ọ̀kù yàrá ìyá mi, lókè ibi tí àbúrò mi ọmọ ọwọ́ ń sùn. Màmá, ìyá bàbá mi, tí wọ́n dàgbà nínú ilé amọ̀, ti ń po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù. Ìyá mi kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ ká fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì dí i.”

“Ìyàwó, ṣé sìmẹ́ńtì ló wà lára ilé tí mo bí ọkọ ẹ sí?”

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ náà, ó ń yọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Màmá ki amọ̀ náà sínú ihò, wọ́n sì fi ọwọ́ ra á títí ó fi ń dán. Ìyá mi wọ́ ẹní ọmọ lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Amọ̀ tó bá gbẹ máa ń súnkì, kò sì lè di búlọ́ọ̀kù mú. Ohun tí bíríkìlà kan sọ fún bàbá mi nígbà náà nìyẹn, lẹ́yìn tí odidi ìṣù amọ̀ náà gbẹ, tó já lu àbúrò mi, tí a sì sin ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a dí ihò náà, mo kàn rí i pé àbúrò mi ń làágùn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo fa ẹní rẹ̀ padà sábẹ́ ògiri, nítorí ibẹ̀ tutù. Ìyá mi rí i pé ó ń sùn dáadáa, wọn kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.