Ta Ló Ni Àgbébọ̀ Oníkẹ̀kẹ́?

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá pe Qudrah sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí ó ti ilẹ̀kùn. Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì. Ọ̀kan ni ìwé àdéhùn tí Qudrah fọwọ́ sí nígbà tó wọṣẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Èkejì tuntun ni, kò ju ojú ewé kan lọ.

Olúṣẹ̀yẹ, ọ̀gá yìí, kì í pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ó yí ìwé àtijọ́ náà sí Qudrah, ó fi ìka tẹ ìlà kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo àwòrán tí òṣìṣẹ́ bá yà, ìbáà ṣe ní ọ́fíìsì, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe lọ́jọ́ ìsinmi, ti ilé-iṣẹ́ ni.

"Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dára. A jẹ́ pé tiwa ni Àgbébọ̀ yẹn. Kó gbogbo fáìlì rẹ̀ wá, kí o sì fọwọ́ sí ìwé kejì yìí pé o ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́yà ni yóò bá ọ sọ̀rọ̀."

Qudrah gba ẹ̀dà ìwé méjèèjì, ó jáde.

Ọmọ Ìwó ni. Yàrá kan ló gbà ní Lotto, ní Mówè. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé-iṣẹ́ wọn ní OPIC láràárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán fún ìpolówó ọjà àti fíìmù ọmọdé. Iṣẹ́ síáìnbọ́ọ̀dù ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Búrọ́ọ̀ṣì bàbá ló kọ́kọ́ dì mú kó tó mọ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, inú rẹ̀ dùn débi pé orí ìkúnlẹ̀ ló ti gba bírò. Kò ka ìwé náà dé ìdajì.

Àgbébọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì rárá. Adìẹ ńlá kan ni, tó wé gèlè, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó kó ọmọ mẹ́fà sẹ́yìn, tí kì í gbà fún èrò tí kò ní ṣéńjì. Ọjọ́ Àìkú ni Qudrah máa ń yà á lórí fóònù rẹ̀, tó sì ń gbé e sórí Instagram. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan kọ̀wé sí i pé àwọn fẹ́ gbé adìẹ náà sára páálí àwọn, ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀ ní ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé ìwé àdéhùn náà tọ Alhaji Sùlèímọ́nù lọ, onílé rẹ̀ tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù títí tó fi fẹ̀yìn tì. Alhaji kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìwé yìí le," ni Alhaji wí. "Ohun tí o yà láti ọjọ́ tí o ti wọṣẹ́, wọ́n lè bá ọ fà á. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa èyí tí o ti yà kí o tó débẹ̀. Ìgbà wo lo kọ́kọ́ ya adìẹ yìí?"

Ìgbà náà ni Qudrah rántí. Orí fóònù kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ló fi yà á sára tapólì tó bo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Àbúbákr, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Ìbàfò, kó tó di pé ó mọ OPIC. Ṣùgbọ́n Àbúbákr ti ta kẹ̀kẹ́ náà fún ọkùnrin kan ní Ìfọ̀ tó ń jẹ́ Yaqub, nọ́ńbà ọkùnrin náà kò sì lọ mọ́.

"Wá a lọ," ni Alhaji wí. "Ohun tó ní déètì lára là ń wá."

Ní Ọjọ́rú, ó purọ́ fún ọ́fíìsì pé ara òun kò yá, ó sì forí lé Ìfọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wọ̀. Ó ń fi àwòrán adìẹ han àwọn oníkẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní kí ó sún fún àwọn, èrò ń bọ̀. Níbẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Stella, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì: ọ̀gá ti pe àwọn oníbisikíìtì, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì mọ́.

Qudrah sáré lọ bá oníkẹ̀kẹ́ mìíràn. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, títí àwọn ènìyàn fi ń jáde níbi ìrun Àyìlá ọ̀sán, kí bàbá oníkẹ̀kẹ́ kan tó nawọ́ sí ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

Yaqub wà nílé. Qudrah kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà wà níwájú ilé, ṣùgbọ́n tapólì dúdú tuntun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Yaqub ní òun ti pààrọ̀ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n lọ tú u kúrò lórí igi ìdáná lẹ́yìnkùlé. Adìẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀, orúkọ Qudrah wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n eku ti jẹ ibi tó kọ ọdún sí. Ihò lásán ló kù. Qudrah jókòó sórí ilẹ̀.

Yaqub wọlé, ó pẹ́. Nígbà tó jáde, ó mú ọ̀rá kan dání. Ìwé tí òun àti Àbúbákr jọ fọwọ́ sí nígbà tó ra kẹ̀kẹ́ náà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lẹ fọ́tò kan mọ́ ọn: àwọn méjèèjì dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, Àgbébọ̀ wà láàárín wọn, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sì gba orí fọ́tò náà kọjá tòun ti déètì. Oṣù méje ṣáájú kí Qudrah tó ríṣẹ́ ni.

"Nítorí ọlọ́pàá ni mo ṣe ya fọ́tò yẹn, kí wọ́n má baà pè mí lólè," ni Yaqub wí. "Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò ní kúrò lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni n ó mú un lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́ta, Qudrah, Alhaji àti Yaqub, ṣe wọ OPIC láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Obìnrin tó ṣojú àwọn oníbisikíìtì ti jókòó, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ dìde, ó ní kí wọ́n lọ dúró níta. Alhaji kò dúró gbọ́ ọ tán. Yaqub tẹ́ fọ́tò náà sórí tábìlì níwájú obìnrin náà.

Olúṣẹ̀yẹ wò ó. Ó ní àwòrán tí Qudrah yà láàárín ọdún méjì yìí ṣì jẹ́ ti òun.

"Ẹ lè fà á dé kóòtù," ni Alhaji dáhùn. "Ṣùgbọ́n adìẹ tí ẹ fẹ́ tà yìí ti wà láyé kí ẹ tó mọ orúkọ ọmọ yìí."

Obìnrin náà dé bírò rẹ̀, ó ní ilé-iṣẹ́ òun kì í ra ohun tí ẹni méjì ń jà lé lórí, ó sì jáde. Olúṣẹ̀yẹ kò wo Qudrah lójú nígbà tó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Qudrah kó o, ó sì jáde ní géètì.

Àwọn oníbisikíìtì kò padà wá. Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà lọ́yà dé: Olúṣẹ̀yẹ yọwọ́ lórí Àgbébọ̀, ṣùgbọ́n kí Qudrah yọ àwòrán mọ́kànlá tó yà nígbà tó wà níṣẹ́ kúrò lórí Instagram. Alhaji ní àwọn lè bá wọn jà á. Qudrah ronú sí i fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sunkún lórí èyí tí àgbébọ̀ náà ti ń kọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wa kẹ̀kẹ́, nítorí òun ló dára jù nínú wọn.

Ní báyìí, inú yàrá rẹ̀ ní Lotto ló ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-ìwé àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Oṣù kan a dùn, òmíràn a korò. Ó ti kọ ìwé àdéhùn tirẹ̀, ojú ewé kan péré, lédè Yorùbá, ó sì ń kà á sókè fún oníbàárà kó tó gbé fóònù tó fi ń yàwòrán. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń dúró dè wọ́n kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, lẹ́yìn náà yóò na bírò sí wọn.