Ẹni Kẹrin Nínú Àkójọ

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọgọ́rùn-ún fáráǹkì á ra àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí èèyàn méjì á jẹ yó. Lónìí, omi ọ̀rá ló ń rà.

Àwa márùn-ún la jọ ń jẹun nígbà náà. Mo kó wa sínú àkójọ kan lórí kọ̀ǹpútà, ní èdè R tí àwọn oníṣirò ń lò: àpótí ńlá kan, tí àpótí kékeré ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ni mo fi ń pè wọ́n jáde.

Ẹni kẹta, ará àdúgbò Boribana, kú. Mo yọ àpótí rẹ̀. Mi ò rántí pé àwọn tó wà lẹ́yìn á sún síwájú. Nígbà tí ẹni kẹrin, ará Anyama, náà kú, mo pe nọ́ńbà kẹrin, mo sì fi orúkọ tó jáde ránṣẹ́ sí mọ́sáláṣí láìwò ó. Ará Vridi ni, ẹni karùn-ún tó ti sún sí ipò kẹrin! Wọ́n ṣàdúà òkú fún un ní Jímọ̀.

Ó pè mí: "Ọ̀rẹ́, ṣé o ti jẹ sàráà mi tán?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Jímọ̀ àkọ́kọ́ ará Anyama nínú sàréè ti kọjá, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀.

Orúkọ ni mo fi ń pè wọ́n báyìí. Ará Vridi wà láàyè. Ará Treichville wà, àmọ́ kò ríran mọ́. Èmi náà wà.