Ìyàwó Mi Ló Ń Máàkì Mi

Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń bi mí bóyá ẹ̀gún wà nídìí mi. Nítorí náà, nígbà tí mo ra ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí mo rí i pé odidi orí kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kọ́mà, inú bí mi. Ẹ wo àmì tí kò ju ìrù ọmọ aláǹgbá lọ, òun ló fẹ́ máa sọ ibi tí èmi àgbàlagbà máa dúró sí!

Ṣùgbọ́n dandan ni kí n kọ́ ọ. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Idu ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní àsìkò tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibẹ̀ lọ sí Kaduna. Mò ń ru páálí láti inú ọkọ̀ sínú ilé, láti inú ilé sínú ọkọ̀, ẹ̀yìn mi sì ti ń ké. Ọ̀gá wa wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹni tó bá gba kírédíìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá lọ́dún yẹn ni òun máa fi ṣe sítọ́kípà. Yóò máa jókòó, yóò máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Èmi tí mi ò lè jókòó, ìjókòó ni mo wá ń wá kiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbé mi ṣubú nínú ìdánwò yẹn, mo sì mọ̀ pé bí ó bá tún gbé mi ṣubú, ẹrù ni n ó máa rù títí ẹ̀yìn mi yóò fi kán.

Ọmọ Okun ni ìyàwó mi, láti Ìpínlẹ̀ Kogi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Jikwoyi tí à ń gbé, òun ló sì ní òun máa kọ́ mi. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo wẹ̀ tán, yóò nu tábìlì, yóò sì da gbólóhùn mẹ́wàá kọ sílẹ̀ fún mi láti inú ìwé tó fi ń kọ́ kíláàsì rẹ̀. Tèmi ni kí n fi kọ́mà sí ibi tó yẹ, kí n so méjì pọ̀, kí n já èyí tó gùn jù sí méjì. N ó kọ ọ́ wuu-wuu, n ó dìde, n ó lọ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, n ó padà wá mu omi láìsí òùngbẹ. Tí mo bá parí, yóò tẹ orúnkún díẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé. Bí ó bá dá a padà, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni, tàbí mẹ́sàn-án. Orí mi wú. Nínú bọ́ọ̀sì Idu láràárọ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé sítọ́kípà ló jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà.

Lọ́jọ́ kan, mo fi ìwé náà yangàn fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ ńlá ilé iṣẹ́ wa. Ó ti jáde ní poli, iṣẹ́ ló wọ́n tó fi ń wa ọkọ̀, ó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ta ló máàkì eléyìí?"

"Ìyàwó mi ni. Tíṣà ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Ìyàwó ẹ ni, kì í ṣe tíṣà ẹ. Obìnrin wo nílẹ̀ wa ló máa fi bírò pupa kọ òdo fún olówó orí ẹ̀?"

Mo ní ìlara ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ìyàwó mi ti sọ pé gbólóhùn mẹ́wàá yẹn náà ni òun máa fi dán àwọn ọmọ kíláàsì òun wò lọ́jọ́ Jímọ̀, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi. Mo bẹ dírẹ́bà náà kó fi ọwọ́ tirẹ̀ da ìdáhùn mi kọ, èyí tí mo ti gba mẹ́jọ lórí rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi kó ìwé àwọn ọmọ náà wálé, mo yọ́ tèmi sáàárín wọn láìkọ orúkọ sí i.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó jókòó síwájú ilé, ó ń máàkì. Èmi ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Mo rí i tí bírò pupa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó sì pòṣé.

"Dádì, ẹ wá wo ọmọ tí kò kọ orúkọ yìí. Ó ń fọ́n kọ́mà káàkiri bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Méjì ni mo fún un, àánú ni mo tiẹ̀ fi ṣe é."

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo wọlé, mo mú ìwé tèmi tó fún ní mẹ́jọ jáde, mo tẹ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn mí bọ̀ nílé yín, ìyá mi ní obìnrin kì í ka àṣìṣe ọkọ rẹ̀ sí i létí. Mo gbìyànjú, sà. Ọwọ́ mi ò gbé e."

Mo rìn dé etí títì, mo padà, mo tún lọ. Mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ sunkún, mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Ìdánwò kò ju oṣù kan lọ mọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo rò pé mò ń gòkè, ojú kan ni mo wà. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìfẹ́ ló fi ṣe é, mi ò sì rí ẹni tí n ó bá jà.

Mo fà á dìde. "Ẹni tí kò mọ̀ mí rí ló máa máàkì ìdánwò yẹn," mo ní. "Kò ní kúnlẹ̀ fún mi. Tó bá jẹ́ ọkọ ni mo jẹ́ nídìí tábìlì yìí, páálí ni n ó máa rù. Máàkì mi bí o ṣe máàkì ọmọ yẹn."

Ó kọ gbólóhùn tuntun, mo dáhùn wọn, ó fi ọwọ́ kan gba ìwé. Ó fa ìlà pupa títí ojú ewé fi kún. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó pe orúkọ mi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí gan-an, ní òòhò, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ nínú kíláàsì.

"Dìde. Kí ni kọ́mà yìí ń ṣe níbí?"

Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu mi ti ń wá àwáwí kiri: pé ó rẹ̀ mí, pé ariwo ọlọ́kadà ti pọ̀ jù. Mo dìde. Ohun tí mi ò sọ lójú obìnrin yẹn rí ni mo sọ.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."